Ẹnu Mẹ́ta, Ọ̀dùnkún Méjì

Oòrùn ń sá lọ, ọ̀dùnkún kò sì tíì rọ̀. Ìbídùn tún ṣí ààrò oòrùn tó wà lójú fèrèsé, ó fi abẹ́rẹ́ gún èyí tó tóbi nínú méjèèjì, abẹ́rẹ́ wọlé díẹ̀, ó dúró. Ó pa dígí ààrò náà dé. Ó yí àwọn jígí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ sí ibi tí ìmọ́lẹ̀ kù sí lójú ọ̀run. Ó jókòó, ìdí rẹ̀ kò tíì gbóná lórí àpótí tó fi tún dìde.

"Ṣé o ò ní jẹ́ kí ọ̀dùnkún yẹn sinmi ni?" Fadérera, ìyá rẹ̀, ló sọ bẹ́ẹ̀ láti orí àga tó jókòó sí, tó gbé ẹsẹ̀ òsì lé orí tìmùtìmù. "Bí o ṣe ń ṣí i ni ooru ń bọ́ síta. Ohun tí a bá ń tú wò nígbà gbogbo kì í tètè jinná."

"Màmá, ẹ rọra sọ̀rọ̀." Ìbídùn fi ìka lé ètè, ó nawọ́ sí ògiri.

Lókè ilẹ̀kùn ni Elétíọfẹ wà, ó rí roboto bí ọmọrí ìkòkò, iná kékeré kan ń ṣẹ́jú láàárín rẹ̀. Orúkọ tí Ìgbìmọ̀ Oúnjẹ fún un gùn ju bẹ́ẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó ń pè é lórúkọ yẹn ní gbogbo Òkè-Ìró. Kò ní ojú, etí nìkan ló ní, etí náà sì tó o.

"Jẹ́ kó gbọ́," ni Fadérera wí. "Ṣé ọ̀dùnkún ti di ẹ̀ṣẹ̀ ni?"

"Ọ̀dùnkún kọ́, Màmá. Ohun tí mo fẹ́ kì sínú rẹ̀ ni." Etí ìyá rẹ̀ ló sọ èyí sí.

Ìyá rẹ̀ wo abọ́ kékeré tí Ìbídùn fi aṣọ bò lábẹ́ tábìlì, ó rẹ́rìn-ín. Ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀ tí a rẹ́ wẹ́wẹ́ ló wà níbẹ̀, pẹ̀lú ẹja àrọ̀ gbígbẹ tí a ti yọ egungun rẹ̀, àlùbọ́sà, ata, irú, àti epo pupa tí kò ju kí ó kun àtẹ́lẹwọ́ lọ. Ìbídùn ti ń ṣẹ́ wọn kù láti inú oúnjẹ tirẹ̀ díẹ̀díẹ̀, títí ìyá rẹ̀ fi bi í pé ṣé ààwẹ̀ ló ń gbà.

Ìkòkò ilé méjèèjì wà nílẹ̀ ní dídojúdé. Wọn kò ní ṣiṣẹ́ lónìí. Ojú irin wà nídìí ìkòkò kọ̀ọ̀kan, bí a bá sì ti gbé e kaná, yóò ròyìn ohun tó wà nínú rẹ̀ fún Elétíọfẹ: bóyá oúnjẹ ẹnu méjì ni, bóyá ó jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹnu méjì ni òfin fún ilé kọ̀ọ̀kan. Ẹnu Ìbídùn, ẹnu ìyá rẹ̀, ó parí. Àlejò tó bá fẹ́ jẹun níbẹ̀, kó gbé oúnjẹ tirẹ̀ dání, kó sì dárúkọ oúnjẹ náà kó tó jókòó.

Adéyanjú, ọkùnrin tí Ìbídùn ń fẹ́, ti dárúkọ tirẹ̀ lánàá. Òun ló ń ro ebè orí òrùlé, ibẹ̀ ló ti wa ọ̀dùnkún méjèèjì, ó dúró níwájú Elétíọfẹ, ó ní, "Oúnjẹ àlejò nìyí, ọ̀dùnkún ni, èmi ni mo ni ín." Ọgbọ́n tí àwọn méjèèjì jọ dá nìyẹn. Ọ̀dùnkún tí a yan nínú èèpo rẹ̀ kò dé inú ìkòkò. Bí Ìbídùn bá wá ṣí àárín rẹ̀, tó kì í, tó tún dé e, ta ni yóò mọ̀? Adéyanjú yóò jẹ oúnjẹ ọwọ́ Ìbídùn ní ẹ̀ẹ̀kan péré láyé, òfin kò sì ní rí nǹkan kan mú.

Gbọ̀ngàn ìjẹun ni wọ́n ti pàdé. Ìbídùn ló ń tún ẹ̀rọ tó ń bu oúnjẹ níbẹ̀ ṣe, Adéyanjú sì jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn ará Ilé Ẹnu-Kan, àwọn tí kò ní ẹnìkejì, tí wọ́n ń kọjú sí ògiri jẹun, tí abọ́ ń yọ sí wọn láti inú ihò. Lọ́jọ́ kan ó gbójú sókè láti inú abọ́ rẹ̀, ó bi Ìbídùn pé, "Oúnjẹ yìí, ṣé ọwọ́ ènìyàn kankan wà nínú rẹ̀?" Ìbídùn ní kò sí. Ó ní, "Mo rò bẹ́ẹ̀." Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti ń fẹ́ra wọn, ó lé lọ́dún kan báyìí. Ó mọ ohùn Ìbídùn, ó mọ ẹ̀rín rẹ̀, ó mọ bó ṣe ń bínú. Kò tíì mọ ọwọ́ rẹ̀ nídìí ààrò, ó sì ń dun ọkùnrin náà gan-an. Kí a sòótọ́, ó ń dun Ìbídùn jù ú lọ.

"Ìbídùn," ìyá rẹ̀ pè é ní kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. "Gbogbo wàhálà yìí, èmi ni mo fà á."

"Màmá, ẹ tún ti bẹ̀rẹ̀."

"Jẹ́ kí n sọ ọ́. Bí mo bá dárúkọ ara mi fún ohun tó wà lára ògiri yẹn, wọ́n á gbé mi lọ sí Ilé Ìsinmi, ọkùnrin rẹ á wọlé, ẹ ó máa se ohun tó bá wù yín. Kí ni mo tún ń wá? Mo ti jẹun pẹ́ láyé."

"Mi ò fẹ́."

"Ikú mi náà lẹ kúkú ń dúró dè. Àbí irọ́ ni?" Kò sí ìbínú nínú ohùn rẹ̀, ẹ̀rín ló ń rín. "Ẹ̀yin méjèèjì lẹ́kọ̀ọ́ ilé, ẹ ò jẹ́ kó yọ lẹ́nu yín ni. Mo máa ń gbọ́ bó ṣe ń béèrè àlàáfíà mi. Ó ń béèrè dáadáa, bí ẹni tó ń wo ojú ọjọ́."

Ọ̀rọ̀ náà dun Ìbídùn dé egungun, nítorí òótọ́ wà níbẹ̀, kò sì sí bí a ṣe lè jiyàn rẹ̀. Ó kọjú sí fèrèsé. Ó mọ Ilé Ìsinmi, bí gbogbo Òkè-Ìró ṣe mọ̀ ọ́n, ìyẹn ni pé wọn kò mọ̀ ọ́n rárá. Ọkọ̀ funfun ló ń wá gbé àwọn àgbà lọ sí ìhà àríwá. Àwòrán a máa wá fún ìgbà díẹ̀, àgbà náà á jókòó sábẹ́ igi, á rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà àwòrán kò ní wá mọ́. Igi kan náà ló sì wà nínú gbogbo àwòrán, ilé yòówù kí wọ́n fi í ránṣẹ́ sí.

"Ṣé o ti kìlọ̀ fún Adéyanjú?" ni Fadérera tún bi í.

"Mo ti kìlọ̀ títí ó fi sú u."

"Ọmọ etí òkun ni o. Kò tíì pẹ́ tí òkun lé wọn dé ọ̀dọ̀ wa. Ní Òkè-Ìró yìí, kí ọmọ tó mọ bàbá rẹ̀ ló ti mọ̀ pé a kì í pe ẹnikẹ́ni wá jẹun. Tiwọn, ẹnu wọn kò tíì gbàgbé. Rántí Ṣówándé tó ń gbé lókè wa."

Ta ni yóò gbàgbé Ṣówándé? Ọkùnrin náà ń mu gààrì, apọnmi wọlé, ló bá ní, "Wá jẹun." Kò rò ó. Lẹ́yìn ọdún ìyàn, nígbà tí àwọn ènìyàn ń fi "wá jẹun" pín oúnjẹ tí Ìgbìmọ̀ kò mọ̀ nípa rẹ̀, ni wọ́n ti sọ gbólóhùn náà di ohun ńlá. Onílé nìkan ló lè sọ ọ́, ẹni tí wọ́n bá sì fi pè di ará ilé. Kí ilẹ̀ tó ṣú lọ́jọ́ yẹn, apọnmi ti di ẹnu kan nínú ilé Ṣówándé, ọkọ̀ funfun sì ti gbé bàbá rẹ̀ lọ. Apọnmi náà ṣì ń gbé ibẹ̀ di òní. Wọn kì í bára wọn sọ̀rọ̀.

Abẹ́rẹ́ wọlé. Ìbídùn fẹ́rẹ̀ẹ́ kígbe. Ó fi aṣọ gbé ọ̀dùnkún méjèèjì jáde, ooru jó o lọ́wọ́, ó gbọn ọwọ́, ó tún gbé wọn. Ó gé òkè wọn bí ẹni gé ìdérí, ó fi ṣíbí wa inú wọn, ó fi díẹ̀ sílẹ̀ lára èèpo kó má baà fàya. Inú náà pọ́n rẹ́súrẹ́sú, ó ń rùn dídùn. Ó pò ó mọ́ ẹ̀fọ́ àti ẹja àti ata, ó da epo lé e, ó tún kì í padà títí àárín rẹ̀ fi wú. Ó dé wọn, ó fi ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ wé orí wọn, ó dá wọn padà sínú ààrò kí ẹ̀fọ́ lè rọ̀. Epo ta sí i láyà, ó fi omi nù ún, ó wá di ńlá.

"Lọ pààrọ̀ aṣọ," ni ìyá rẹ̀ wí, ó fi ọ̀pá dìde. "Èmi ń lọ sí yàrá. N kò sí nílé. Mo ti kú títí ẹ ó fi jẹun tán."

"Màmá!"

"Àwàdà ni." Ó wọlé, ó fi ilẹ̀kùn sílẹ̀ láìtì í tán.

Adéyanjú dé nígbà tí oòrùn ti ń kan orí òkè. Ó ti wẹ̀, ó ti gé èékánná rẹ̀, síbẹ̀ ilẹ̀ òrùlé ṣì kù sí ẹ̀gbẹ́ ìka rẹ̀. Ó dọ̀bálẹ̀ fún ilẹ̀kùn yàrá tí Fadérera wà, láìsọ̀rọ̀, àyà rẹ̀ kan ilẹ̀ dáadáa. Ìbídùn rí i, ó rí i pé ìyá òun kò tilẹ̀ lè rí i tó fi ṣe bẹ́ẹ̀, inú rẹ̀ sì dùn dé ibi tí ó fi ń bà á lẹ́rù.

"O ti ta epo sáyà," ni ọkùnrin náà sọ lábẹ́ ohùn.

"Mo mọ̀. Jókòó. Má sọ̀rọ̀ púpọ̀."

"O ń gbọ̀n."

"Mo ní kí o jókòó."

Ó gbé àwo méjì kalẹ̀, ó fi ọ̀dùnkún kan sí ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó ṣí ewé wọn. Ooru gòkè. Òórùn irú àti ẹja kún yàrá, Ìbídùn sì wo Elétíọfẹ bí ẹni pé ó ní imú. Iná rẹ̀ ń ṣẹ́jú lọ bó ṣe ń ṣe tẹ́lẹ̀. Adéyanjú gbé ìdérí ọ̀dùnkún tirẹ̀ kúrò, ó wo inú rẹ̀, ó wò ó pẹ́. Ó gbójú sókè wo Ìbídùn.

Ìbídùn fi àgbọ̀n tọ́ka sí ṣíbí. Ọkùnrin náà mú un, ó bu díẹ̀, ó gbé e dé etí ẹnu, ló bá dúró. Ó ń wo ilẹ̀kùn yàrá tí kò tì tán. Ìbídùn mi orí sí i: jẹ ẹ́, Màmá ti jẹun. Ó mi orí padà, ó tún gbé ṣíbí sókè.

Fadérera wúkọ́.

"Màmá, ẹ wá jẹun o."

Ọ̀rọ̀ náà já bọ́ bí ìgbà tí ènìyàn bá sín. Adéyanjú fúnra rẹ̀ ló kọ́kọ́ gbọ́ ọ, ojú rẹ̀ ṣú. Ṣíbí bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Àgbà wà nílé, oúnjẹ wà níwájú rẹ̀. Kí ni ọmọ tí ìyá rẹ̀ kọ́ yóò ṣe sí ẹnu ara rẹ̀?

Iná Elétíọfẹ kò ṣẹ́jú mọ́. Ó tàn, ó dúró gbọin.

"Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o." Ohùn rẹ̀ tutù, ó kún fún ìtẹríba, bí ohùn ìyàwó tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé wọlé. "A gbọ́ tí Adéyanjú pe ènìyàn wá jẹun. Ẹni tó bá ń peni wá jẹun, onílé ni. A ti kọ ọ́ mọ́ ilé yìí. Ẹnu ilé yìí ti di mẹ́ta. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dárúkọ ẹni tí yóò jáde kí oòrùn tó wọ̀. Orúkọ tó bá kọ́kọ́ dé etí wa la ó mú. Bí a kò bá gbọ́ orúkọ kankan, ẹni tó dàgbà jù ni ọkọ̀ yóò wá gbé. Ẹ ṣeun."

"Èmi!" Adéyanjú fò dìde. "Èmi ni kí ẹ yọ. Àlejò ni mí!"

"Àlejò kì í peni wá jẹun," ni Elétíọfẹ dáhùn. "Onílé tó bá peni wá jẹun kì í sì í jáde nílé rẹ̀."

"Mo ṣe àṣìṣe! Ẹ̀kọ́ ilé ló..."

"Ẹ má bínú. Ẹ dárúkọ ẹlòmíràn."

Ìbídùn wo fèrèsé, oòrùn ti kù bí èèpo ọsàn lórí òkè. Ìbínú gbé e, ó fẹ́ gbá ọkùnrin yìí létí, ó fẹ́ dì mọ́ ọn, kò sì sí àyè fún èyíkéyìí nínú méjèèjì, nítorí ilẹ̀kùn yàrá ti ṣí, ìyá rẹ̀ sì ti jáde pẹ̀lú ọ̀pá rẹ̀.

Fadérera ń rẹ́rìn-ín. Ojú rẹ̀ mọ́lẹ̀ bí ojú ọmọ tí wọ́n rán lọ ra àkàrà. "Ta ló pè mí?" ni ó wí. "Yanjú, ìwọ lo pè mí? Á gba ibi ire, ọmọ mi. Ó ti pẹ́ tí ẹnikẹ́ni ti pè mí wá jẹun láyé yìí. Mo ti rò pé n kò ní gbọ́ ọ mọ́ kí n tó lọ."

"Màmá, ẹ foríjì mí." Adéyanjú ti wà lórí ìkúnlẹ̀.

"Foríjì kí ni? Dìde." Ó fà á lápá. Ó yíjú sí ògiri, ó gbé ọ̀pá rẹ̀ dúró dáadáa, bí ẹni tó fẹ́ kí àwọn àna. Ìbídùn mọ ohun tó kàn. Ìyá rẹ̀ ti ń kọ́ gbólóhùn yẹn sórí láti ọjọ́ pípẹ́.

Orúkọ méjì péré ló kù tí ẹnu lè pè. Bí Ìbídùn tí kò tíì darúgbó bá pe tirẹ̀, yóò sọ̀ kalẹ̀ lọ sí Ilé Ẹnu-Kan, bẹ́ẹ̀dì tí Adéyanjú fi sílẹ̀ ni yóò gbà, ihò ògiri ni yóò máa bu oúnjẹ fún un. Kò bẹ̀rù ìyẹn. Ohun tó bà á lẹ́rù ni ìyá rẹ̀ nínú ilé yìí pẹ̀lú ọkùnrin tí ó ti ń fi ọdún kan dúró de ikú rẹ̀, ọkùnrin tí òun fẹ́ràn, tí òun kò sì tíì rí i kí ó tọ́jú ẹnikẹ́ni.

"Yanjú!" ó ké. "Tí n kò bá sí nílé, kí ni wàá ṣe fún ìyá mi ní òwúrọ̀?"

Ọkùnrin náà wò ó bí ẹni tí orí rẹ̀ dàrú. "Omi gbígbóná," ni ó wí. "Fún ẹsẹ̀ òsì wọn. Mo ti ń rí i bí wọ́n ṣe ń tẹ̀ ẹ́. Wọ́n ń fi í pamọ́ fún ọ, ó ń dùn wọ́n dé ìbàdí. Ìyá tèmi náà ní i kí òkun tó..." Kò parí rẹ̀.

Ìbídùn kò mọ̀ pé ó ń dun ìyá rẹ̀ dé ìbàdí. Wọ́n jọ ń gbé, kò mọ̀.

"Elétíọfẹ," ni Fadérera wí, ohùn rẹ̀ já gaara. "Gbọ́ mi dáadáa. Ẹni tí yóò jáde ni Fa..."

"Ìbídùn!" Ìbídùn fúnra rẹ̀ ló pariwo, tó bẹ́ẹ̀ tí dígí ààrò fi dún. "Ìbídùn! Ìbídùn ni yóò jáde!"

Oòrùn wọ̀.

"A ti gbọ́ Ìbídùn," ni Elétíọfẹ wí. Iná rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣẹ́jú padà, bí ẹni pé nǹkan kan kò ṣẹlẹ̀. "Ìbídùn, ẹ káàbọ̀ sí ilé Adéyanjú àti Fadérera. Àlejò lè dúró títí agogo ìsùn. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ gbé oúnjẹ yín dání?"

Ìbídùn wo ọ̀dùnkún méjèèjì tó wà lórí tábìlì, epo ń ṣàn lára èèpo wọn. "Rárá," ni ó wí. "N kò gbé nǹkan kan dání."

Fadérera jókòó gbì sórí àga. Ó bú ọmọ rẹ̀, ó pè é ní olórí kunkun, ó ní bàbá rẹ̀ ló fi jọ, ó bú ògiri, ó bú Ìgbìmọ̀, kò sí èyí tí a lè kọ sílẹ̀ níbí. Lẹ́yìn náà ó sunkún. Adéyanjú dúró, apá rẹ̀ méjèèjì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ láìwúlò. Ìbídùn fa àga fún un, ó ti àwo méjèèjì síwájú wọn.

"Ẹ jẹun kó má tutù. N kò fi ọjọ́ gbogbo gbọ̀n fún oúnjẹ tútù."

Adéyanjú mú ṣíbí tó bọ́ nílẹ̀, ó nù ún. Fadérera mú tirẹ̀. Ó bu ọ̀dùnkún náà, ó gbé e sókè, ojú rẹ̀ sì bọ́ sí ojú ọmọ rẹ̀ tó dúró láìní àwo. Ẹnu rẹ̀ ṣí. Láti ìgbà tí Ìbídùn ti ń rákò ni ẹnu yẹn ti ń pè é sídìí oúnjẹ, nínú ilé yìí tí ìpè ọmọ ẹni kì í ṣe ẹjọ́. Ọ̀rọ̀ náà ti dé orí ahọ́n.

"Ẹ má pè mí, Màmá," ni Ìbídùn wí jẹ́jẹ́. "Mo bẹ̀ yín. Ẹ má pè mí."

Ìyá rẹ̀ ti ṣíbí bọ ẹnu ara rẹ̀ kí ọ̀rọ̀ má baà jáde. Ó jẹ ẹ́, omi ń dà lójú rẹ̀, ó gbé e mì.

"Iyọ̀ rẹ̀ kò tó," ni ó wí.

"Iyọ̀ tó, Màmá." Adéyanjú ló fèsì.

"Mo ní kò tó. Inú omi iyọ̀ ni wọ́n bí ọ sí, o wá ń sọ fún mi pé èyí tó?"

"Ó tó, Màmá. Ẹ tún un tọ́ wò."

Ó tún un tọ́ wò. Ó jẹ ẹ́ pẹ́, ó ń wo òrùlé. "Ẹnu rẹ ti bàjẹ́ nídìí oúnjẹ inú ihò," ni ó sọ fún ọkùnrin náà. "Lọ́la, ìwọ ni yóò se é. Èmi á jókòó tì ọ́, kí n kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń fi iyọ̀ sí nǹkan."

Ìbídùn gbọ́ "lọ́la" tí ìyá rẹ̀ sọ. Ó ṣí ilẹ̀kùn, ó sì sọ̀ kalẹ̀ lọ wá oúnjẹ àlejò tí yóò gbé padà wá.